Tùràrí Nínú Ilé Eku

Eku tí a fún ní omi lásán gbọ́dọ̀ bẹ̀rù. Orí èyí ni gbogbo iṣẹ́ náà dúró lé. Bí eku tó mu omi kò bá bẹ̀rù, kò sí bí a ṣe lè mọ̀ bóyá oògùn lé ìpayà kúrò lára eku tó mu oògùn, nítorí ohun tí kò sí níbẹ̀ kò ṣeé lé.

Labibah mọ èyí kí ó tó wọ ilé eku fún ìgbà àkọ́kọ́. Síbẹ̀, ní àárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n fi ìwọ̀sí lọ̀ ọ́, eku tó mu omi jókòó sí ìparí apá gbalasa, ó ń fi ọwọ́ méjèèjì nu ojú bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí.

Oríta ni wọ́n ń pe pátákó tí eku ń gùn náà. Igi pẹlẹbẹ mẹ́rin ni káfíńtà kàn pọ̀ bí ọ̀nà mẹ́rin tó pàdé, ó sì gbé e sókè dé ìbàdí ènìyàn. Méjì nínú apá rẹ̀ ní ògiri. Méjì yòókù wà gbalasa: etí igi ni, lẹ́yìn etí igi, afẹ́fẹ́. Wọ́n á gbé eku sí àárín, wọ́n á sì fi í sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Eku tí orí rẹ̀ pé yóò sá sí àárín ògiri, yóò fara mọ́ igi, yóò máa gbọ̀n. Èyí tí Fálíọ̀mù ti wọ̀ lára, oògùn tí wọ́n ń kọ fún ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀, yóò rìn jáde lọ sí etí igi bí ẹni pé ilẹ̀ wà níwájú. Labibah fẹ́ mọ̀ bóyá omi ewé àbámodá lè ṣe ohun tí Fálíọ̀mù ń ṣe. Iṣẹ́ oyè másítà rẹ̀ nìyẹn, ní ilé ẹ̀kọ́ aládàáni kan tó wà kọjá Gidan Kwano, lójú ọ̀nà Bida.

Dókítà Mofọláyọ̀ Ajíbóyè, tó ń darí iṣẹ́ náà, dúró lẹ́yìn rẹ̀. Obìnrin tín-ín-rín ni, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tí wọ́n bí sí Minna. Kì í jókòó nínú láàbù. Ó ní àga ló ń kọ́ ènìyàn ní ọ̀lẹ.

"Kí ni a fún èyí?"

"Omi, mà."

"Èyí tó ṣáájú rẹ̀ ńkọ́?"

"Omi náà ni, mà."

"Àwọn tó mu Fálíọ̀mù?"

"Ohun kan náà ni gbogbo wọn ń ṣe, mà."

Dókítà dá aago ọwọ́ rẹ̀ dúró. "Ohun kan náà ni gbogbo wọn ń ṣe. Lékan, wá wò ó. Obìnrin yìí ti rí eku tí kò mọ̀ pé ikú wà. Kí wọ́n wá fún un ní ẹ̀bùn."

Lékan yọrí láti yàrá kejì. Akẹ́kọ̀ọ́ bíi Labibah ni, ṣùgbọ́n ó kéré sí i lọ́jọ́ orí. Ó máa ń gbá àgò eku mọ́ orí tábìlì, ó sì máa ń fi ìrù gbé wọn sókè tí wọ́n á máa yí nínú afẹ́fẹ́. Bí ó bá ti ṣí ilẹ̀kùn ni àwọn eku tirẹ̀ ń tọ̀ sára. Iṣẹ́ rẹ̀ ń lọ dáadáa.

"Àǹtí Labibah," ó ní, "àbí ẹ ti fi wọ́n sí ilé kéwú? Ẹ wo ojú wọn. Wọ́n ti há Kùránì sórí."

"Pa wọ́n," ni Dókítà wí.

"Mà?"

"Gbogbo wọn. Eku tó bá ti gun oríta lẹ́ẹ̀kan kò wúlò mọ́, ó ti mọ ibẹ̀. Èmi kì í bọ́ ohun tí kò wúlò. Ọ̀wọ́ eku kan ṣoṣo ló kù tí mo lè fún ọ. Bí àwọn yẹn náà bá tún jókòó tí wọ́n ń nu ojú, mà á yọ orúkọ rẹ kúrò, mà á sì fi àyè rẹ fún ẹni tó lè ṣiṣẹ́. Ṣé o gbọ́?"

"Mo gbọ́, mà."

"Ìwọ fúnra rẹ ni kí o pa wọ́n. Ọwọ́ kan ló ń mú eku láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. O mọ òfin."

Ó mọ̀ ọ́n. Bí ọwọ́ bá yí padà, ìbẹ̀rù eku á yí padà, iṣẹ́ á sì bàjẹ́. Nítorí náà, ẹni tó bá bọ́ wọn ni yóò fún wọn ní oògùn, ni yóò gbé wọn gun oríta, ni yóò sì pa wọ́n.

Bí a ṣe ń ṣe é ni pé a ó tẹ irin tẹ́ẹ́rẹ́ mọ́ ọrùn eku, a ó sì fa ìrù rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, pẹ̀lú agbára. Bí ọwọ́ bá dúró, kò ní pẹ́. Ọwọ́ Labibah kò dúró. Èyí tó kọ́kọ́ mú, ẹ̀yìn rẹ̀ ló já, kì í ṣe ọrùn, ó sì ké. Igbe eku kò tóbi, ṣùgbọ́n ó gùn. Ó ń fi ẹsẹ̀ iwájú fa ara rẹ̀ lórí tábìlì.

"Ẹ fà á, Àǹtí!" Lékan ń rẹ́rìn-ín lẹ́nu ọ̀nà. "Ìrù ni, kì í ṣe okùn kànga!"

Ó fà á. Ó mú òmíràn. Àwọn eku náà kò sá fún un. Wọ́n ń rìn wá sí ọwọ́ rẹ̀ nínú àgò, wọ́n ń gbóòórùn etí híjáàbù rẹ̀, wọ́n sì ń dúró dè é.

*

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ọkọ rẹ̀ wá gbé e. Sirajudeen ń ṣe wẹ́dà ní Bosso, ilẹ̀kùn irin àti fèrèsé ni ó ń jó. Àràárọ̀ ni ó ń fi ọ̀kadà rẹ̀ gbé ìyàwó rẹ̀ lọ sí ilé ẹ̀kọ́, ìrọ̀lẹ́ ni ó ń padà lọ gbé e.

"Ìyá Eku, ṣé wọ́n bẹ̀rù lónìí?"

"Wọn ò bẹ̀rù."

"Kí ni wọn ì bá tiẹ̀ rí bẹ̀rù lára rẹ? Èmi gan-an ò bẹ̀rù rẹ rí."

Labibah gun ẹ̀yìn ọ̀kadà. Ó di ẹ̀yìn jákẹ́ẹ̀tì rẹ̀ mú, ó sì fi imú mọ́ ọn. Òórùn tùràrí ló wà lára rẹ̀. Sirajudeen fẹ́ràn rẹ̀ bí àwọn ará ìlú yìí ṣe fẹ́ràn rẹ̀. Ní gbogbo alẹ́ ọjọ́ Àlàmísì, Labibah máa ń kó ẹ̀yinná sínú ìkòkò amọ̀ kékeré, á da tùràrí sí i, á sì fi híjáàbù rẹ̀ àti jákẹ́ẹ̀tì ọkọ rẹ̀ bò ó títí èéfín yóò fi wọ inú òwú. Ó ti ń ṣe é láti ọjọ́ ìgbéyàwó. Kò tún kà á sí ohun tí òun ń ṣe mọ́.

Ilé ìyá Sirajudeen ni wọ́n ń gbé, ní àdúgbò Nassarawa ní Minna. Ará Ìlọrin ni ìyá náà, kò sì fẹ́ràn ìyàwó tó ń lọ fọwọ́ kan eku lójoojúmọ́ tí kò sì tíì lóyún. Sirajudeen ló ń dúró láàárín wọn. Bí ìyá bá sọ̀rọ̀ eku, á ní, "Ìyá, ẹ fi í sílẹ̀, ó máa di dókítà, òun ló máa tọ́jú orúnkún yín." Ọ̀rọ̀ á parí síbẹ̀.

Kò pẹ́ sí ìgbà náà ni wọ́n kó ọ̀wọ́ eku tuntun dé. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí wọ́n dé, Sirajudeen gbé Labibah sílẹ̀ ní géètì, ó yí ọ̀kadà padà, tańkà kan tí bíréèkì rẹ̀ ti já sì pàdé rẹ̀ kí ó tó dé ìkóríta. Labibah gbọ́ ariwo náà nínú ilé eku. Ó ń kó ìyẹ̀fun pákó gbígbẹ sínú àgò fún àwọn eku tuntun. Kò gbé orí sókè.

*

Wọ́n sin ín kí oòrùn tó wọ̀. Labibah wọ takaba, àkókò tí opó ń jókòó ṣọ̀fọ̀ ọkọ rẹ̀ nínú ilé, tí kì í ṣe ọ̀ṣọ́, tí kì í lé tìróò, tí òórùn dídùn kì í kan ara rẹ̀. Kí ó tó jókòó pẹ́, wọ́n ránṣẹ́ láti ilé ẹ̀kọ́: Dókítà Ajíbóyè bá a kẹ́dùn, ṣùgbọ́n eku kì í dúró de ènìyàn. Wọ́n ń dàgbà. Bí wọ́n bá dàgbà jù, wọn kò wúlò mọ́, bẹ́ẹ̀ ni kò sí òmíràn.

Àáfà Àbdùlsàlámì, àbúrò bàbá Sirajudeen, ni wọ́n gbé ọ̀rọ̀ náà lọ bá. Ó ronú, ó sì ní ẹ̀sìn fàyè gba opó láti jáde fún ohun tó pọndandan. "Ṣùgbọ́n ojú ọ̀sán nìkan. Kí oòrùn má wọ̀ bá ọ níta. Aṣọ ọ̀fọ̀ ni kí o wọ̀. Lọ́fínńdà, àtíkè olóòórùn, tùràrí, ìkankan kò gbọdọ̀ kàn ọ́."

Ìyá Sirajudeen kò fẹ́ ìdájọ́ náà, ṣùgbọ́n kò lè bá Àáfà jiyàn. Ó dúró títí ó fi lọ, ó wá yíjú sí Labibah.

"O ti gbọ́ ohun tó wí. Kò sí ọmọ tó so ìwọ àti ilé yìí pọ̀. Nítorí ọmọ mi tó wà nínú ilẹ̀ ni mo ṣe ń wò ọ́. Ọjọ́ tí imú mi bá gbóòórùn dídùn lára rẹ, wallahi, ẹrù rẹ ni yóò kí ọ káàbọ̀ lójúde."

"Mo ti gbọ́, Ìyá."

Ó mọ bí ọ̀rọ̀ òun ṣe rí. Bí takaba bá parí, wọ́n á dá a padà sí Ìlọrin, sí ilé bàbá rẹ̀ tó ti ní ìyàwó mìíràn àti ọmọ mìíràn. Ohun kan ṣoṣo tó lè mú un dá dúró ni oyè náà. Oyè náà sì wà lọ́wọ́ eku tó bá bẹ̀rù.

Ọjọ́ kejì, ó wọ kẹ̀kẹ́ lọ sí ilé ẹ̀kọ́ nínú aṣọ dúdú tí wọ́n fi ọṣẹ lásán fọ̀. Yàkúbù tó ń gbálẹ̀ ilé eku rí i, ó sì dojú bolẹ̀. "Sannu, Hajiya. Allah ya jikansa," ó ń bẹ Ọlọ́run kó ṣàánú òkú. Lékan ní "Ẹ pẹ̀lẹ́, Àǹtí," ó sì yára padà sí yàrá tirẹ̀.

Àwọn eku tuntun náà kò mọ̀ ọ́n. Nígbà tí ó na ọwọ́ sí wọn, wọ́n sá lọ sí igun àgò, wọ́n gun ara wọn lórí. Ó bọ́ wọn fún ọjọ́ mélòó kan kí wọ́n lè mọ ọwọ́ rẹ̀. Wọ́n mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n wọn kò fẹ́ ẹ.

Ó bẹ̀rẹ̀. Eku tó mu omi sá sáàárín ògiri, ó sì dúró síbẹ̀, ìmí rẹ̀ ń lọ sókè sódò. Eku kejì ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ̀kẹta yọ imú jáde sí apá gbalasa, ó rí etí igi, ó sì sá padà. Àwọn tó mu Fálíọ̀mù jáde. Ní ọjọ́ kejì, àwọn kan nínú àwọn tó mu omi ewé náà jáde, wọ́n rọra ń lọ, ṣùgbọ́n wọ́n jáde.

Dókítà Mofọláyọ̀ wo gbogbo rẹ̀. Nígbà tí wọ́n parí ti ọjọ́ náà, ó mi orí.

"Ṣé o rí i? O lè ṣe é. Èèyàn kan ló ń dí ọ lọ́wọ́ tẹ́lẹ̀."

Labibah gbé orí sókè.

"Má wò mí bẹ́ẹ̀. Òótọ́ ni mo sọ. Obìnrin tó bá ń ronú ohun tó máa sè ní alẹ́ kò lè mú eku dáadáa. Nísinsìnyí, orí rẹ ti wà níbi iṣẹ́. Bí o bá parí báyìí, orúkọ rẹ á dúró."

Labibah ní, "Ẹ ṣé, mà." Ó sọ ọ́ nítorí pé ó fẹ́ kí orúkọ rẹ̀ dúró.

*

Ọyẹ́ mú gidi ní òwúrọ̀ kan. Eruku bo gbogbo Minna, ètè ń bẹ́, ọwọ́ ń yún. Nínú ilé eku, tútù náà wọ inú eegun, bẹ́ẹ̀ ni ọwọ́ tútù kò dára fún eku. Labibah ti kó aṣọ ọkọ rẹ̀ sínú àpótí, ṣùgbọ́n jákẹ́ẹ̀tì rẹ̀ wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn níbi tí Sirajudeen fúnra rẹ̀ fi kọ́ ọ lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ikú rẹ̀. Ọyẹ́ kò tíì dé nígbà yẹn, kò sì wọ̀ ọ́ lọ. Labibah wọ̀ ọ́ sábẹ́ híjáàbù. Ọ̀fìnkìn ti dí imú rẹ̀, kò gbóòórùn nǹkan kan. Ìyá ṣì ń sùn nígbà tó jáde.

Eku tó mu omi rìn jáde sí apá gbalasa. Ó dé ìparí. Ó jókòó, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í nu ojú.

Labibah mú òmíràn. Ó jáde. Òmíràn. Wọ́n ń jáde bí àwọn ti ọjọ́sí.

"Ó tún ti bẹ̀rẹ̀." Dókítà Mofọláyọ̀ ti wà lẹ́yìn rẹ̀. Ohùn rẹ̀ kò ga. "Mo ti ń sọ fún ara mi pé o ti di ènìyàn. Kó ẹrù rẹ."

"Mà, ẹ jọ̀wọ́."

"Mo ti fún ọ ní ọ̀wọ́ tó kẹ́yìn. O ti fi ṣòfò. Àwọn tó kù, Lékan á lò wọ́n."

Lékan ti wà lẹ́nu ọ̀nà. "Kí ni wọ́n jẹ lónìí, Àǹtí? Ẹ fún èmi náà jẹ ńbẹ̀."

Labibah wo eku tó wà lórí igi. Ó wo ọwọ́ ara rẹ̀. Kí ni òun ṣe lónìí tí òun kò ṣe lánàá? Omi kan náà, wákàtí kan náà, ọwọ́ kan náà. Ó fà jákẹ́ẹ̀tì náà mọ́ra nítorí pé òtútù ń mú un, ó sì dúró bẹ́ẹ̀.

"Jákẹ́ẹ̀tì ni, mà."

"Kí ló ṣe é?"

"Tùràrí wà lára rẹ̀. Ti ọkọ mi ni. Nígbà àkọ́kọ́, tùràrí máa ń wà lára gbogbo aṣọ mi, àwọn eku sì ń jáde. Láti ìgbà tí mo ti wà ní takaba, n kò lò ó mọ́, wọ́n sì ń bẹ̀rù. Lónìí nìkan ni mo wọ èyí. Ẹ gbóòórùn rẹ̀, mà."

Ó bọ́ ọ, ó sì nà án sí i. Dókítà Mofọláyọ̀ gbé e sí imú. Ó pẹ́ kí ó tó gbé e kúrò. Nígbà tó gbé e kúrò, ojú rẹ̀ ti yí padà. Ẹ̀rín kọ́ ni, ṣùgbọ́n ó sún mọ́ ọn.

"Àwa ń lọ ewé láti ọjọ́ yìí," ó ní, "nǹkan tó ń ṣiṣẹ́ ju Fálíọ̀mù lọ wà lára aṣọ. Ṣé ó ṣì kù nílé?"

"Ó kù, mà."

"Mú un wá lọ́la. Ìkòkò rẹ̀ náà. A óò sun ún nínú yàrá oríta, a óò sì gbé eku tí kò tíì gùn ún rí síbẹ̀. Bí ó bá rí bí mo ṣe rò, a ó pa ewé tì. Tùràrí ni a ó kọ, orúkọ rẹ á sì wà níbẹ̀."

Inú Labibah kọ́kọ́ dùn. Lẹ́yìn náà ni ó rántí.

"Mà, n kò lè wà nínú èéfín náà. Inú takaba ni mo wà. Ẹ jẹ́ kí Lékan bá mi mú àwọn eku náà lọ́la nìkan."

"Lékan?" Dókítà wo Lékan, Lékan sì wo ilẹ̀. "Eku tí Lékan bá mú á tọ̀ sórí oríta kí ó tó gbé e sílẹ̀. Kí ni mo ti ń kọ́ ọ? Ọwọ́ tó bọ́ wọn ni yóò gbé wọn. Bí ọwọ́ bá yí padà, n kò ní mọ̀ bóyá tùràrí ni mo ń wò tàbí ọwọ́."

"Ìyá ọkọ mi á lé mi jáde, mà. Ó ti búra."

"Ìyẹn wà láàárín ìwọ àti òun." Ó dá jákẹ́ẹ̀tì náà padà fún un. "Ní àárọ̀ ọ̀la, bí mo bá rí ìwọ àti ìkòkò, orúkọ rẹ dúró. Bí mi ò bá rí yín, kò dúró. Ilé eku ni ibí, kì í ṣe mọ́ṣáláṣí tàbí ṣọ́ọ̀ṣì. Èmi náà fi ọ̀pọ̀ nǹkan sílẹ̀ kí n tó dé ibi tí mo dé."

Labibah fi jákẹ́ẹ̀tì náà sínú láàbù kí ó tó lọ sílé. Ó fọ ọwọ́ àti ọrùn, ó dúró nínú afẹ́fẹ́ ọyẹ́ títí ara rẹ̀ fi tutù bí òkúta, ó sì dúró jìnnà sí Ìyá ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ náà. Ẹ̀rù ló kọ́ ọ ní gbogbo èyí. Ní òwúrọ̀, ẹ̀rù náà ló mú un di aṣọ dúdú mìíràn, híjáàbù mìíràn, kànìnkànìn àti ọṣẹ sínú náílọ́ọ̀nù. Bí iṣẹ́ bá parí, yóò wẹ̀ ní ilé ìwẹ̀ àwọn obìnrin, yóò pa aṣọ dà, yóò sì dé ilé láìsí òórùn kankan lára rẹ̀. Ó ro ó dáadáa. Ó gbé náílọ́ọ̀nù náà kọ́ sórí ìṣó lẹ́yìn ilẹ̀kùn yàrá oríta, kí ojú rẹ̀ má baà kúrò lára rẹ̀.

Ó kó ẹ̀yinná sínú ìkòkò. Ó da tùràrí sí i.

*

Èéfín náà kọ́kọ́ lọ sókè tààrà, ó kan àjà, ó sì wálẹ̀. Dókítà Mofọláyọ̀ ti dúró sẹ́yìn fèrèsé dígí ní yàrá kejì pẹ̀lú Lékan. Labibah nìkan ló wà nínú yàrá oríta.

Ó gbìyànjú láti má mí. Kò ṣeé ṣe. Ó mí, Sirajudeen sì wọ inú yàrá. Kì í ṣe àlá, kò sì rí nǹkan kan. Òórùn ni. Ẹ̀yìn jákẹ́ẹ̀tì lójú ọ̀nà Bida ní òwúrọ̀, alẹ́ ọjọ́ Àlàmísì, orí lórí ìrọ̀rí kan náà. Ohun tó ti so mọ́ ọn láyà láti ọjọ́ ìsìnkú tú sílẹ̀. Ó mọ̀ pé ó ń tú. Ó yẹ kí ojú tì í. Ó wá ìtìjú náà nínú ara rẹ̀, kò rí i.

"Gbé e," ni ohùn Dókítà wí láti ẹ̀yìn dígí.

Ó gbé eku àkọ́kọ́ sí àárín. Ó dúró díẹ̀, ó gbé imú sókè sínú èéfín, ó sì rìn jáde. Ó dé etí igi. Ó yọ orí wo ìsàlẹ̀. Ó jókòó, ó nu ojú. Èyí tó tẹ̀lé e ṣe bẹ́ẹ̀, àti èyí tó tẹ̀lé ìyẹn. Ọ̀kan rìn títí ó fi kọjá etí, ó jábọ́ sórí ilẹ̀ sìmẹ́ńtì, ó sì dùbúlẹ̀ síbẹ̀, kò gbìyànjú láti sá. Labibah gbé e padà sínú àgò.

Lẹ́yìn dígí, Dókítà Mofọláyọ̀ fi ọwọ́ lu èjìká Lékan lẹ́ẹ̀kan. Kò sẹ́ni tó rí i ṣe bẹ́ẹ̀ rí.

"Ó tó," ó ní. "Pa wọ́n báyìí, kí a lè yẹ ọpọlọ wọn wò."

Labibah mú irin tẹ́ẹ́rẹ́. Àwọn eku náà wá sí ọwọ́ rẹ̀ bí ti àkọ́kọ́. Ó tẹ irin mọ́ ọrùn, ó fa ìrù. Eku náà kò ké. Ó mú òmíràn, ó fà á. Kò sí èyí tó ké. Ọwọ́ rẹ̀ kò gbọ̀n. Ó ń tò wọ́n sínú àwo lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, orí sí ibì kan, ìrù sí ibì kan, bí ẹni tó ń to ẹja gbígbẹ. Lékan wá sẹ́nu ọ̀nà láti ṣe yẹ̀yẹ́, ó wo ojú rẹ̀, ó sì padà.

"Báyìí ni," ni Dókítà Mofọláyọ̀ wí. "O ti di ẹni tó ń ṣiṣẹ́. Orúkọ rẹ dúró. Máa lọ sílé."

"Ẹ ṣé, mà."

Ó fọ ọwọ́. Ó bọ́ kóòtù funfun. Ó jáde, ó ti ilẹ̀kùn yàrá oríta mọ́, ó sì rìn lọ sí ojú ọ̀nà níbi tí bọ́ọ̀sì ń dúró. Oòrùn ti ń rẹlẹ̀, eruku sì sọ ọ́ di pupa. Ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Nínú bọ́ọ̀sì, obìnrin tó jókòó tì í mí sínú, ó ní, "Kai, turarenki na da kyau," pé tùràrí rẹ̀ dára. Labibah rẹ́rìn-ín músẹ́, ó sì kí i.

*

Ìyá Sirajudeen jókòó sórí àga lẹ́nu ọ̀nà, ó ń ṣa ẹ̀wà. Nàímátù, àbúrò Sirajudeen, ń gbálẹ̀ àgbàlá.

"Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, Ìyá."

Ọwọ́ Ìyá dúró nínú ẹ̀wà. "Dúró níbẹ̀."

Labibah dúró.

"Kí ni mo ń gbóòórùn?"

Obìnrin tí ẹ̀rù ń bà ì bá ti sọ pé èéfín igi ni, tàbí pé obìnrin kan jókòó tì òun nínú bọ́ọ̀sì. Méjèèjì ìbá wọ etí. Labibah kò wá irọ́ kankan.

"Tùràrí ni, Ìyá."

"Ta ni o sun ún fún?"

"Àwọn eku ni, Ìyá."

Ìyá rẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín títí ẹ̀wà fi dà nù láti orí itan rẹ̀. "Nàímátù! Wá gbọ́ o! Ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ ń sun tùràrí fún eku!"

"Haba, Ìyá." Nàímátù sún mọ́ ọn, ó gbóòórùn rẹ̀ bí ẹni tó ń yẹ ẹran wò lójà, ó sì fa sẹ́yìn. "Wallahi, tùràrí ẹ̀gbọ́n mi ni. Èyí tó ń sun fún ẹ̀gbọ́n mi gan-an ló lọ sun fún eku náà."

"Eku náà ní orúkọ? Ó ga? Ó ní mọ́tò?"

"Láàbù ni, Ìyá," ni Labibah wí. Ohùn rẹ̀ dúró pẹ́ẹ́. "Wọ́n ní tí n kò bá ṣe é, wọ́n á yọ orúkọ mi. Mo ṣe é. Orúkọ mi dúró."

Bí ó bá sunkún ni, bí ó bá wólẹ̀, bóyá wọn ì bá ti ránṣẹ́ pe Àáfà. Ìdúróṣinṣin ohùn náà ló ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Ìyá dìde.

"Ẹ wo bó ṣe ń bá mi sọ̀rọ̀. Iyẹ̀pẹ̀ ojú oórì ọmọ mi ò tíì gbẹ, ó dúró síwájú mi, ojú rẹ̀ gbẹ. Nàímátù, kó ẹrù rẹ̀. Orúkọ rẹ ló dúró, àbí? Kí orúkọ náà wá ilé fún ọ. Ilé eku ni kí o padà sí. Ibẹ̀ ni ọkọ rẹ wà."

Àpótí rẹ̀ jáde. Ìrọ̀rí rẹ̀ tẹ̀lé e. Bàtà rẹ̀ wá lọ́kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ti ilẹ̀kùn, irin tí Sirajudeen fi ọwọ́ ara rẹ̀ jó, kọ́kọ́rọ́ sì yí nínú rẹ̀.

Labibah jókòó sórí etí gọ́tà níwájú ilé, ẹsẹ̀ rẹ̀ rọ̀ sójú títì. Ọ̀kadà ń kọjá lẹ́bàá orúnkún rẹ̀. Àwọn ènìyàn ń wò ó. Eruku bo ojú rẹ̀, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì nù ún.

Wọ́n pe ìrun màgàríbì. Afẹ́fẹ́ ọyẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ láti ìhà òkè, ó wọ inú híjáàbù rẹ̀, ó sì ń kó òórùn náà lọ díẹ̀díẹ̀. Ó fa etí híjáàbù sí imú. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí níbẹ̀ mọ́. Nígbà náà ni ó rántí náílọ́ọ̀nù tó wà lórí ìṣó lẹ́yìn ilẹ̀kùn, aṣọ dúdú, ọṣẹ, kànìnkànìn, gẹ́gẹ́ bí ó ṣe dì wọ́n.

Ó wo ọwọ́ rẹ̀. Ó ti ń gbọ̀n.